“Àwo Ti Fọ́”, “Gíríìdì Ti Dẹnu Kọlẹ̀”: Ta Ni Ó Ṣe É?

Mo ti ṣe ìlérí fún yín pé ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀ àti aláìgbàbọ̀ ni n óò tún mẹ́nu bà. Ìlérí náà ni mo ń mú ṣẹ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí n óò gbà lè ya àwọn kan lẹ́nu. Inú wáyà iná mànàmáná ni a óò gbà kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, mo dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ gbólóhùn méjì sí ojú pátákó ni: “Àwo fọ́” àti “Délé fọ́ àwo”. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n nínú ti àkọ́kọ́, àwo tí ó fara gbá a ni ó jókòó sí ipò olùwà. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà ti pòórá. Mo ń sọ fún wọn pé kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ gírámà yìí kí ó tó dé ilé-ìwé. Bí ìyá bá gbọ́ ìró ní ilé ìdáná tí ó sì béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọmọ kì í sọ pé “mo fọ́ àwo”. “Àwo ti fọ́, mà” ni yóò wí. Ìyá tí ó mọ gírámà ju ọmọ lọ á sì bi í pé: “Ó fọ́ ara rẹ̀ ni?”

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyí tí fáànù orí wa dúró. Gíríìdì ti kọ́kọ́ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ ni. Kíláàsì hó yèè: “Wọ́n tún ti mú un!” Kò pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ka ìròyìn jáde láti orí fóònù rẹ̀ pé gíríìdì orílẹ̀-èdè tún ti dẹnu kọlẹ̀. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ àwọn gbólóhùn méjì ti ìṣáájú, mo béèrè olùwà, wọ́n ní gíríìdì ni. Mo béèrè olùṣe. Kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀kan ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò ní olùṣe. Ó kàn ṣubú ni.” Òmíràn, tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ni ó ń kọ́ tí ó wá yan iṣẹ́ tiwa kún un, ní, “Sà, irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ ní Yorùbá.”

Láti ọjọ́ náà ni ìdáhùn méjèèjì ti ń dùn mí. N óò fi ti ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀, nítorí bí a kò bá yanjú rẹ̀, ti ẹni àkọ́kọ́ yóò máa jẹ́ òtítọ́ lójú wa títí láé.

Ohun tí a ń pè ní gíríìdì ni àwọn òpó àti wáyà ńláńlá tí ó so àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá pọ̀, láti Kainji àti Jebba lórí odò Ọya títí dé Egbin nítòsí Ìkòròdú, tí ó sì ń gbé iná wọn dé ìlú gbogbo. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń dúró déédéé, ẹ bá mi kálọ sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta ní ọjà tí ó bá sún mọ́ yín jù. Nígbà tí kò tíì sí ata lẹ́nu rẹ̀, ìró rẹ̀ a máa lọ geere. Kí ìyá kan wá da odindi ọpọ́n ata àti àlùbọ́sà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ẹ̀rọ á lọ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí kérora. Ẹni tí ń lọ ata kì í dúró ronú. Ọwọ́ rẹ̀ á ti kan ibi tí epo ń gbà wọlé, á fún un sí i, ohùn á sì gòkè padà. Bí ọwọ́ kò bá tètè débẹ̀, tàbí tí epo kò tó, ẹ̀rọ á kú pẹ̀lú ata lẹ́nu. Ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré nílé mọ èyí pẹ̀lú: ẹ ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, kí ẹ gbọ́ bí yóò ti bọ́ láti ohùn òkè sí ohùn ìsàlẹ̀. (Ẹ má bínú, onímọ̀ èdè kì í gbọ́ ìró kí ó má fi àmì sí i.)

Ohùn tí ó lọ sílẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Iná tí ń wọ ilé wa kì í ṣàn sí apá kan bí omi odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní 50 Hertz. Bí ẹ̀rọ tí ń pèsè rẹ̀ ṣe ń yára yí tó ni ó ń pinnu iye yìí. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ooru omi gbígbóná tàbí gáàsì ń yí sábà máa ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sí ọ̀nà 60, ẹ ó rí 50. Àwọn ti orí odò rọra ń yí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òòfà inú wọn pọ̀, 50 náà ni wọ́n ń jẹ́. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọ máa yí ní ìbámu, bí obìnrin mẹ́ta tí ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Èyí tí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú wọn, ọmọ odó rẹ̀ á lu ti ẹlòmíràn.

Iná kì í ṣe gàrí tí a lè rọ sínú àpò dè ọ̀la. Lórí gíríìdì bíi tiwa tí kò ní bátìrì ńlá kankan lẹ́yìn, ohun tí gbogbo Nàìjíríà ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá yìí ni a gbọ́dọ̀ máa pèsè ní ìṣẹ́jú-àáyá yìí kan náà. Bí ẹrù bá wúwo ju ìpèsè lọ, irin ńlá tí ń yí nínú àwọn ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ fi lára agbára ìyípo tirẹ̀ dí àlàfo náà, nítorí náà ni yóò fi dẹwọ́, tí 50 yóò sì di 49 àti ààbọ̀. Bí irin náà bá ṣe wúwo tó ni àkókò tí a ní láti ronú yóò ṣe gùn tó, kì í sì í ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Láàárín èyí, ohun kan wà ní ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ń lọ ata: bí ó bá ti mọ̀ pé ìyípo dẹwọ́, yóò ṣí omi tàbí gáàsì sí i láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní gọ́fánọ̀. Ó dùn mọ́ mi pé gómìnà kan wà ní Nàìjíríà tí kì í dúró de ìwé láti Àbújá kí ó tó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn gọ́fánọ̀ ni ó kan àwọn ènìyàn. Òṣogbo ni ibùdó tí a ti ń darí gbogbo gíríìdì Nàìjíríà wà. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Àbújá, Òṣogbo ni. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ kan fi kún ìpèsè kí òmíràn dín in kù. Òfin gíríìdì wa sọ pé kí ìyípo má ṣe yẹ̀ kúrò láàárín 49.75 àti 50.25 Hertz, bí nǹkan bá le, ó yọ̀ǹda 48.75 sí 51.25. Bí ó bá tún lọ sílẹ̀ sí i, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí a ti tò sílẹ̀ láti já àwọn àdúgbò kan kúrò lórí iná, kí ìyókù lè yè. Bí èyí náà kò bá tó, ilé-iṣẹ́ amúnáwá kọ̀ọ̀kan yóò gba ara rẹ̀ là, nítorí abẹ́ tọ́báìnì lè fọ́ bí ó bá ń yí ní ìwọ̀n tí kì í ṣe tirẹ̀. Èkíní já kúrò, ẹrù rẹ̀ bọ́ sí ọrùn àwọn tí ó kù. Èkejì já, ẹ̀kẹta kò sì lè dá a gbé. Òkùnkùn dé.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kò ṣeé sọ ni a sọ tán yìí. Kò gbà ju ata, odó àti irin lọ. Nígbà náà, kí ni àǹfààní ìgbéraga tí ó ń sọ pé Yorùbá kò lè gbé e? Àǹfààní rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún wa. Ẹni tí kò bá mọ bí àwo ṣe ń fọ́ kò lè béèrè ẹni tí ó fọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè wàyí. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lókè, ohun kan ni ó jẹ́ òpómúléró: kí ìpèsè díẹ̀ wà nílẹ̀ tí a kò tíì lò, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń yí, tí ó lè wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Iṣu àká ni. Gọ́fánọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dé góńgó kò ní ohun tí yóò ṣí mọ́. Lórí ìwé, Nàìjíríà ní iṣu àká yìí: 295 MW ni wọ́n ṣe àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ amúnáwá márùn-ún, Egbin, Delta, Geregu, Ọlọ́runṣògo àti Omotosho. Léraléra ni àwọn ìwé ìròyìn ti gbé iye tí ó wà nílẹ̀ gan-an jáde láti inú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ti gíríìdì: òdo. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fà tí ó wà ní Egbin jẹ́ 220 MW. Bí ọ̀kan bá já lójijì, 295 ìbá gbà á mọ́ra, kò sí fáànù tí ìbá dúró ní kíláàsì mi. Òdo kò lè gba ohunkóhun mọ́ra.

Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìta gbogbo agbára rẹ̀ ń pàdánù owó, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ san án. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ohun tí a sanwó fún wà nílẹ̀, kí ó sì fìyà jẹ ẹni tí kò bá pèsè rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí i pé gáàsì dé. Ní ọdún 2024 yìí kan náà, NERC, àjọ tí ń ṣòfin fún iṣẹ́ iná, tún ní láti pàṣẹ fún àwọn amúnáwá pé kí wọ́n jẹ́ kí gọ́fánọ̀ wọn ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, bí ẹni pé a ń sọ fún awakọ̀ pé kí ó gbé ẹsẹ̀ sí ìtòsí bíréèkì. Ní ọdún náà kan náà ni àṣẹ jáde pé kí ìdarí gíríìdì kúrò lọ́wọ́ TCN tí ó ni àwọn òpó, kí ó bọ́ sí ọwọ́ NISO. Gbogbo àwọn tí mo kà yìí ní orúkọ, wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ní owó oṣù. Síbẹ̀ nígbà tí òkùnkùn bá dé, gíríìdì nìkan ni olùwà gbólóhùn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀wàrà yẹn, ìgbà kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àlàyé tí a gbọ́ ni pé ohun èlò kan bú gbàmù ní ibùdó Jebba. Bú gbàmù: aláìgbàbọ̀ mìíràn. Ọmọ ọdún mélòó ni ohun èlò náà? Ta ni ó yẹ kí ó pààrọ̀ rẹ̀? Gírámà ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìbéèrè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní gbogbo ayé ni iná ti ń lọ. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ògún ọdún 2019, mànàmáná ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ kọ lu wáyà kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìpèsè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,900 MW ti pòórá láti ibùdó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ Hornsea, láti ilé-iṣẹ́ Little Barford tí ń lo gáàsì, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn kéékèèké. Nǹkan bí 1,000 MW ni iṣu àká wọn. Ìyípo bọ́ sí 48.8 Hertz, àwọn ẹ̀rọ sì já àwọn oníbàárà tí ó lé ní mílíọ̀nù kan kúrò kí ìyókù lè yè. Ọkọ̀ ojú irin dúró sójú ọ̀nà. Iná padà fún gbogbo wọn láàárín ìṣẹ́jú 45. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣẹ́jú 45 náà ni mo ń jowú. Ohun tí mo ń jowú ni ìwé tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ pé “gíríìdì ṣubú”. Wọ́n kọ orúkọ. Nígbà tí ó fi di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, àwọn tí ó ni Hornsea àti Little Barford ti gbà láti san mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ pọ́ùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ apínná kan sì san mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ nítorí pé ó yára dá iná padà kí wọ́n tó fún un láṣẹ. Mànàmáná ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọn kò sì fi í ṣe olùwà.

Ti ọdún 2018 tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn aago kan wà tí ń ka ìlọ-bọ̀ iná láti mọ àkókò, bíi ti ara ẹ̀rọ ìdáná. Láti àárín oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn aago wọ̀nyí fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà falẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 25 ní Yúróòpù, nítorí pé ìpíndọ́gba ìyípo jẹ́ 49.996 dípò 50. Ẹgbẹ́ àwọn adarí gíríìdì ibẹ̀ kò sọ pé aago falẹ̀ kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n dárúkọ Kosovo àti Sẹ́bíà, wọ́n sì sọ iye iná tí a kò pèsè. Nítorí ìṣẹ́jú mẹ́fà!

Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rántí igbe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: “Wọ́n ti mú un!” Ẹ ó ní gbólóhùn yẹn ní olùṣe. Ta ni “wọ́n”? Arọ́pò-orúkọ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni, òun náà sì ni a fi ń pe ẹni tí a kò mọ̀. Orúkọ NEPA ti kúrò lórí ìwé láti ọdún 2005, a ṣì ń kí i nígbà tí iná bá dé. “Wọ́n” mú iná lọ bí ẹni tí ó mú aṣọ kúrò lórí okùn, bí ẹni pé iná náà wà níbì kan tí wọ́n gbé e pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ yóò máa bẹ̀bẹ̀ ni. Ẹni tí ó mọ̀ nípa 295 àti òdo yóò béèrè ìwé àdéhùn.

Ti fóltéèjì kò ní gba àkókò púpọ̀. Ìyípo jẹ́ ti gbogbo gíríìdì, iye kan náà ni ní Sókótó àti ní Ìbàdàn. Fóltéèjì, ìyẹn ipá tí ń ti iná wọlé, jẹ́ ti àdúgbò. Ẹni tí ó wà ní ìparí wáyà gígùn ń jìyà bí ẹni tí ó wà ní ìparí páìpù omi: òun ni ó ń jẹ háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Yàtọ̀ sí iná tí ń ṣiṣẹ́, àwọn mọ́tò, fáànù àti tiransifọ́mà ń gba irú agbára kan tí ó kàn ń lọ tí ó ń bọ̀ nítorí òòfà inú wọn. Ó dà bí ìfófòó ẹmu: a kò lè mu ún, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè nínú igbá. Bí ó bá wọ́n ní àdúgbò kan, fóltéèjì á lọ sílẹ̀; bí ó bá pọ̀ jù, á gòkè. Wáyà gígùn tí ẹrù orí rẹ̀ fúyẹ́ a máa gbé e gòkè fúnra rẹ̀, nítorí náà ni a fi ń fi àwọn ẹ̀rọ kan sí ojú ọ̀nà láti fà á padà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan iná àdúgbò wa gòkè títí gílóòbù fi tàn bí oòrùn, fíríìjì mi àti ti aládùúgbò mi sì kú. Òṣìṣẹ́ tí ó wá wo tiransifọ́mà ní ọjọ́ kejì bá mi kẹ́dùn tinútinú. “Àwọn nǹkan ti jóná, Dókítà, ẹ pẹ̀lẹ́.” Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó lò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Igbe 2025, fóltéèjì tí ó gòkè jù bẹ́ẹ̀ ni ó kó òkùnkùn bá Spéènì àti Pọtogí; 15,000 MW pòórá ní Spéènì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Wọn kì í ṣe áńgẹ́lì, wọ́n tilẹ̀ ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀: ìjọba ní adarí gíríìdì kò fi ẹ̀rọ tí ó pọ̀ tó sílẹ̀ láti darí fóltéèjì, ó tún ní àwọn amúnáwá kan tí a ń sanwó iṣẹ́ yẹn fún kò ṣe é, adarí ní kì í ṣe òun. Ìjà náà dára lójú mi. Ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀ ni wọ́n fi ń jà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó gbọ́n jù mí lọ ní ọ̀rọ̀ owó sọ pé àlá ni mo ń lá: orílẹ̀-èdè tí ó ju igba mílíọ̀nù ènìyàn lọ, tí ó ń fi nǹkan bí 4,000 sí 5,000 MW gbéra, ta ni yóò fi 295 sílẹ̀ láìlò nígbà tí ebi iná ń pa gbogbo ilé? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí gíríìdì bá lọ, gbogbo 4,000 náà ni ó ń lọ, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ní ìgbà tí ó lé ní mẹ́wàá ní ọdún 2024 nìkan. Àti pé a kò ṣàìní iṣu àká ní Nàìjíríà. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé olúkúlùkù, ó ń mu epo, ó ń tú èéfín sí ojú fèrèsé ọmọ aládùúgbò. Ìdá díẹ̀ nínú owó epo náà ni à ń béèrè pé kí a jọ fi pamọ́ sí ojú kan.

Mo fún kíláàsì náà ní iṣẹ́ àṣetiléwá kí a tó tú ká: kí wọ́n tún àkọlé ìròyìn ọjọ́ náà kọ, kí olùṣe sì wà ní ipò olùwà. Ẹni tí ó sọ fún mi pé kò ṣeé sọ ní Yorùbá ni ó kọ èyí tí ó gùn jù: “Àwọn tí ó ṣe àdéhùn 295 tí wọn kò san owó rẹ̀, àwọn tí ó fọwọ́ sí i tí wọn kò pèsè rẹ̀, àti àwọn tí ó ń ka òdo lójoojúmọ́ tí wọn kò pariwo, ti gíríìdì ṣubú.” Mo fún un ní máàkì pé. Ó ní òun ti fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan, wọ́n sì dá a lóhùn pé ó ti gùn jù fún àkọlé.